Mọ́tò Dísù Bàbá Yín Kì Í Ṣe Irin Àlòkù

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì mi ńkọ́, ṣé wọn ò tíì ga jù mí lọ? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín ńkọ́, ẹ̀rọ tó ń bá yín fọṣọ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti yá? Ọlọ́run tó ń jí oòrùn láìpariwo á máa jí gbogbo yín pé. Ọ̀nà tí o ń tọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò ní gùn ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, orí ìdúró ni yóò máa bá ọ. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá yín ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ṣì wà níbi tí dókítà fi í sí, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, ọ̀kan nínú wọn fi ojú jọ àbúrò bàbá yín, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún un.

Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá wí gan-an ni kó kọ, kó má rán nǹkan mọ́ ọn, kó má sì gé e kúrú bó ṣe gé sòkòtò bàbá yín.

Wàá máa sọ pé kí ló dé tí màmá ò fi pè mí. Ọmọ mi, fóònù dára, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, n ò ní tíì dé ìdajì tí wàá ti ní kí n gbọ́ tìrẹ ná. Lẹ́tà kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ẹ̀ẹ̀kejì, o ní o ti fi owó oògùn ránṣẹ́ sínú fóònù yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé owó wà nínú rẹ̀ ni mo ti fi ìró mi àtijọ́ wé e, mo gbé e sísàlẹ̀ àpótí, mo sì ti àpótí pa. Ta ló máa gbé owó lọ́wọ́ máa rìn kiri ìgboro? Lóòótọ́ ó máa ń ké nínú àpótí, a sì máa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí a bá sáré lọ ṣí i, olè tó bá wà nítòsí á mọ ibi tí owó wà. Ìdí nìyẹn tí o fi pè wá títí tí a ò dá ọ lóhùn. Má bínú. Owó rẹ wà níbẹ̀ pé pérépéré.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síwájú télọ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ́tò bàbá yín. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o dúró ní àgbàlá, o fọwọ́ lẹ́rán, o wo mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, o ní nǹkan tó dàgbà jù ọ́ lọ yìí ń kú sọ́nà, ó ń há arúgbó méjì mọ́ ẹsẹ̀ òkè. O ní bí kò bá lè gbé wa gun òkè dé ọsibítù kó sì gbé wa padà láì kú, kó tó di Sátidé tí onírin àlòkù máa kọjá, kí onírin gbé e lọ, kí àwa náà di ẹrù wa, ká wá máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ.

Mo mọ̀ pé ire lo fi wí i. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà, kí n pọ̀ ọ́ báyìí. Nígbà tí mo lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ yín, ilẹ̀kùn yín ló ń pàṣẹ fún mi. Mo kàn jáde lọ gbá ẹnu ọ̀nà ni, ó ti ara rẹ̀ mọ́ mi síta, èmi àti ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀ títí o fi dé láti ibi iṣẹ́. Iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí mo bá wọlé, bí mo bá sì jókòó pẹ́ díẹ̀, á kú, bí ẹni ń sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo pàdé aládùúgbò yín lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo kí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bàtà rẹ̀ ló wò lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ni bàbá yín máa bá jiyàn níbẹ̀? Ọkùnrin tí kò bá rí ẹni bá jiyàn láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyàwó rẹ̀ ni yóò yíjú sí. Nítorí náà, bí mọ́tò yẹn bá lọ, ilé wa náà lọ nìyẹn, àlàáfíà èmi náà sì lọ.

Kí n tó dé orí àìsàn rẹ̀, jẹ́ kí n dúpẹ́ ọkùnrin inú fóònù tí o fi ránṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ òjò, kí owó tó wọ inú fóònù náà. Ọkùnrin tó dé fìlà búlúù, tó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀nà epo nínú mọ́tò dísù àtijọ́. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, àmọ́ kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo kí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Bàbá yín ní kì í gbọ́ wa. Mo ní ẹni tó lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì lè gbọ́ràn, àánú rẹ̀ ṣe mí. Síbẹ̀ ohun tó ń wí dùn mọ́ mi. Ó ní ká má jẹ́ kí epo inú táǹkì lọ sílẹ̀ jù, nítorí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ló máa ń wọ́ dé ẹ́ńjìnnì. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń tà á wàràwàrà ni ká ti máa rà á, kì í ṣe èyí tó ti sùn nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ní ká máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà dànù, ká máa wo rọ́bà epo bóyá ó ti ń sán. Gbogbo èyí kò ṣàjèjì sí mi. Ẹni tó ta epo kẹrosíìnì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un nípa ìdọ̀tí epo?

Ó wá sọ̀rọ̀ oògùn inú ìgò tí o fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, èyí tó máa ń fọ ẹnu àwọn nósù, ìyẹn àwọn ẹnu kéékèèké tó ń tu epo sínú iná ẹ́ńjìnnì. Ó ní ká da gbogbo ìgò náà sí táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò bímọ rí. Ta ló ń da odidi ìgò oògùn sí aláìsàn lẹ́nu? Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́ ni mo fún mọ́tò náà, mo máa ń mi ìgò kí n tó bù ú, n kì í sì í fún un bí kò bá tíì mu epo, nítorí oògùn líle kì í bá ikùn òfìfo ṣeré. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi lò ó. N ò jẹ́ kó jáde nínú ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kó lè sinmi. Bàbá yín ń kùn pé nígbà tí ibà ń ṣe àwọn, oko ni mo rán àwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wá gbọ̀n mí jù lẹ́nu ọkùnrin náà ni omi. Ó ní omi ni ọ̀tá dísù, pé ẹ̀kán kan tó bá wọlé, ó lè jẹ nósù ní àjẹrun. Ojú mi lọ sí ẹnu táǹkì wa. Ọmọ mi, ìdérí rẹ̀ ti sọnù láti ọdún tó kọjá, àkísà lásán ni bàbá yín ń kì bọ̀ ọ́, òjò sì ti dé. Mo dìde. Mo ká aṣọ sí i, mo fi ọ̀rá tó nípọn mẹ́ta lé e lórí, mo wá mú rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà, èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, mo fi yí i ká lẹ́ẹ̀méje, mo fà á pinpin, mo sì ta á ní kókó. Èèrà gan-an ò lè tọrọ ọ̀nà níbẹ̀. Bí a bá ra epo tán, èmi náà ni mo máa ń padà dì í. Òjò rọ̀ títí, kò sí ẹ̀kán kan tó wọlé. Mo yin ara mi.

Lẹ́yìn èyí ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré tí bàbá yín bá yí kọ́kọ́rọ́, á dáhùn kàràkàrà bí ẹni ń fọ́ òkúta, a ó kọjá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, a ó kọjá ilé ẹ̀kọ́, inú wa á dùn. Bó bá di ẹsẹ̀ òkè báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kú. Bàbá yín á ní kò kú o, àwọn kàn ní kó sinmi ni. Àwọn tó ń kọjá á ní ẹ kú ìjókòó, a ó ní ó o. Bó bá tó ìgbà tí èèyàn lè fi pa ẹ̀pà abọ́ kan, á tún dáhùn, á gùn díẹ̀, á tún kú. Èmi ni mo máa ń sọ̀kalẹ̀ tì í. Nígbà tí a bá fi dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì á wọn ẹ̀jẹ̀ èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́tò gun òkè, á lanu, á ní ó ti ga sókè gan-an, á fi oògùn kún oògùn mi. Ọmọ mi, àìsàn mọ́tò ni mo ń gbé oògùn rẹ̀ mì láti ìgbà yẹn.

A wá gbé e lọ bá mẹkáníìkì wa, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà, nítorí ohun tó máa ń wí nìyẹn kó tó dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní fílítà ni, asẹ́ tó ń sẹ́ epo. Ó yọ ọ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò lóòótọ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Mọ́tò dún dáadáa ní àgbàlá rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. Ó kú lẹ́sẹ̀ òkè. A padà lọ, ó ní pọ́ǹpù tó ń fa epo láti táǹkì ni, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù. Ó kú lẹ́sẹ̀ òkè. Ó tún ní àwọn nósù ni, ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó wọn lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n lọ dán wọn wò. Nígbà tó kó wọn dé, bàbá yín búra pé ọ̀kan kì í ṣe tiwa, pé àwọn mọ ojú wọn. Ó kú lẹ́sẹ̀ òkè. Níkẹyìn, ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo bàbá yín, ó ní ó ti darúgbó, kò lè fa epo mọ́, ká wá òmíràn. Bàbá yín bi í pé orúnkún àwọn náà ńkọ́, ṣé kí èmi náà wá òmíràn?

Mo sọ fún un pé àgbàlá rẹ̀ tẹ́jú, òkè ni mọ́tò ti ń kú, kó wọlé ká jọ gun òkè kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní kí màmá lọ jókòó, iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ ìyá àgbà. Mo lọ jókòó. N ò bá a jà, nítorí èmi náà ò mọ ohun tó ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ṣe dé. Bàbá yín ti jí sítáàtì mọ́tò, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa dún, kí onírin lè bá a láàyè. Ó ń dún bọ̀, ó ń dún bọ̀, bí ọkọ̀ onírin ṣe yọ lẹ́nu géètì báyìí ló wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ìtìjú bá mi bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dójú tì níwájú àlejò. Bàbá yín ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ra, wọ́n yí gíláàsì sókè nínú oòrùn yẹn, wọ́n gbá ìdarí mú, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán. Omi ń bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, n ò rí omi lójú wọn.

Onírin fa ìwé yọ, ó ní kí n dáhùn ìbéèrè. Ó ní ọdún wo ni mọ́tò dé, mo ní ọdún tí a gbé ọ wálé lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, torí òun ló gbé ọ. Kò sí àyè fún ìyẹn nínú ìwé rẹ̀. Ó ní kí ló pa á. Mo ní ta ló sọ fún un pé ó kú? Ó ní kí n ṣáà tẹ àtàǹpàkò síbẹ̀, pé ó túmọ̀ sí pé a ò ní bèèrè rẹ̀ mọ́ láéláé. Mo ní àtàǹpàkò mi kì í tẹ láéláé, ibi tó bá lè padà wá tẹ òmíràn ló máa ń tẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà náà ti dé ní tirẹ̀, ó gbé garawa lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ bá wa tú pọ́ǹpù tuntun àti nósù kí wọ́n má bàa ṣòfò, òun á máa bá wa tọ́jú wọn. Ẹ̀yin ọmọ ayé.

Onírin ní òun kì í ra epo mọ́ irin, kí òun kọ́kọ́ fa dísù inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé rọ́bà tí mo fi dì í. Bí ọ̀rá ṣe ṣí báyìí, táǹkì náà mí kanlẹ̀: hííììììì! Bí ẹni tí wọ́n ti orí rẹ̀ bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbórí sókè. Onírin fò sẹ́yìn, ó ní nǹkan wà nínú rẹ̀.

Èmi kò fò. Ìyá Ìbejì, mo jókòó sílẹ̀ ni, nítorí mo mọ ohùn yẹn. Ṣé o rántí tíìnì kẹrosíìnì? Kí ni mo kọ́ ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje? Tí èèyàn bá lu ihò kan ṣoṣo sí tíìnì, epo á dà gbùlù-gbùlù díẹ̀, á dúró, ẹ̀gbẹ́ tíìnì á sì jìn wọlé. Ihò kejì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí epo lè gbà jáde. Ìwọ lo máa ń fi ìṣó lu ihò kejì fún mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń bú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nítorí ihò kejì, èmi náà ni mo wá fi ọwọ́ ara mi dí ihò kejì mọ́tò ọkọ mi, mo yí i lẹ́ẹ̀méje, mo tún ta á ní kókó. Bó bá ṣe ń fa epo lọ ni táǹkì ń fún, bó bá fi máa dé ẹsẹ̀ òkè, kò rí nǹkan fà mọ́. Kì í ṣe fílítà, kì í ṣe pọ́ǹpù, kì í ṣe nósù. Èmi ni.

Mo kan gíláàsì, mo ní kí bàbá yín sítáàtì. Mo fi àkísà fífẹ́lẹ́ bo ẹnu táǹkì, mo ní kí onírin jókòó sórí àtẹ̀gùn wa pẹ̀lú ìwé rẹ̀, mo ní kí Kò-Sí-Wàhálà wọ ẹ̀yìn mọ́tò, tòun ti garawa. A kọjá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. A kọjá ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè, ẹnikẹ́ni ò mí nínú mọ́tò yẹn àfi mọ́tò fúnra rẹ̀. Ó tu èéfín dúdú díẹ̀, bí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, èéfín náà mọ́, ó sì gùn ún. Kò wúkọ́. Kò wọ́ ẹsẹ̀. A dé ọsibítù, kì í ṣe ọjọ́ wa, nọ́ọ̀sì ní kí la wá ṣe, bàbá yín ní a kàn wá kí i ni, wọ́n yí mọ́tò padà, a sọ̀ kalẹ̀, a délé. Wọ́n ò pa á o, wọ́n tún yí i, wọ́n tún gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gun òkè yẹn lọ́jọ́ náà. Nígbà kẹta, wọ́n já èmi sílẹ̀, wọ́n ní mo wúwo, àwọn fẹ́ mọ agbára rẹ̀ gan-an.

Onírin ká ìwé rẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó ní òun ṣáà ti sọ pé pọ́ǹpù tuntun máa ń pẹ́ kó tó mọ ojú ọ̀nà. Ọmọ mi, irọ́ yẹn dára, ó bò mí láṣìírí. Tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí bàbá yín tí wọ́n ń na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé bí mo bá jẹ́ kí irọ́ yẹn kọjá, ìgbà tí mọ́tò bá tún wúkọ́, ọmọkùnrin yìí á tún tú nǹkan. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo ní ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan, èmi ni mo dì í pa. Bàbá yín wò mí. Wọ́n ní ṣé gbogbo ọjọ́ tí èmi fi ń ti mọ́tò gun òkè, èmi ni mo ń ti ara mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń dé ìkòkò, wọ́n á ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kó mí.

Mo rò ó lórí ibùsùn. Èmi tí mo dì í, n ò kórìíra rẹ̀. N ò fẹ́ kí òjò kàn án ni. Ìwọ náà ò fẹ́ kí òjò kan wa, mo mọ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n rọra dì wá, ọmọ mi.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Bá wa wá ìdérí táǹkì gidi, èyí tó ní ojú kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Télọ̀ ti fi tépù wọn ẹnu táǹkì, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí, ó ní èyí ni ìbàdí àkọ́kọ́ tí kò bá òun jiyàn. Fi fílítà méjì kún un, àti rọ́bà epo tó gùn tó ọwọ́ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn irin tí wọ́n fi ń há a, torí èyí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń sán, mo fojú mi rí i, kò sí ẹni tó sọ fún mi. Owó díẹ̀ náà fún epo, ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù mọ́, ó ti kún. Dì í sínú àpò ìwé, fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Bi dókítà tó wà lọ́dọ̀ yín léèrè bóyá wọ́n lè dín oògùn mi kù, nítorí ara mọ́tò ti yá. Bí o bá sì tún fẹ́ fi ọkùnrin inú fóònù ránṣẹ́, kí ó kọ́ ìkíni ná.

Yàrá tí ẹ kùn dè wá, kí ìbejì kan kó sínú rẹ̀, kí wọ́n yéé jà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, èmi àti bàbá yín ń bọ̀ wá kí yín, nínú mọ́tò wa. Sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì yín kó má dá wa dúró bó bá gbọ́ ariwo, bàbá yín ló ń dún bẹ́ẹ̀. A ó jẹun, a ó sùn kan, bó bá sì di òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, a ó padà sílé wa.

Ìyá Ìbejì, òkè tó bá wà níwájú rẹ, wàá gùn ún láì sọ̀ kalẹ̀ tì. Èémí kò ní wọ́n ọ, ọ̀nà ire rẹ kò ní dí, ọwọ́ tó bá fẹ́ràn rẹ kò ní ṣèèṣì pa ọ́ lára. Àwọn ìbejì á tọ́jú rẹ, wọn á sì jẹ́ kí o gbélé ara rẹ. Àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ tí kò tíì di ẹrù.